Kí Yìnyín Tó Bọ́ Sílẹ̀ ní St. Vith

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kọ́ dáyórámà, ìyẹn ìran kékeré tí èèyàn ń kọ́ sórí pátákó, ti òpópónà kan tí ogun ti bà jẹ́ ní Ardennes, agbègbè olókè àti onígbó ní Bẹ́ljíọ̀m, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní òṣùwọ̀n 1/35 (mílímítà 1 dúró fún mílímítà 35). Mo ti to ọkọ̀ ogun Sherman kan tán, mo ti kùn ún ní funfun látòkè délẹ̀. Mo ní ọmọ ogun Amẹ́ríkà mẹ́rin àti ògiri ilé alájà méjì tó ti wó. Bastogne, ìlú kan níbẹ̀, ni mo ní lọ́kàn, ní ọjọ́ 20 Dìsẹ́ńbà 1944. Yìnyín ló dá mi lágara. Nígbà àkọ́kọ́, iyọ̀ ni mo lò, ó sì rí bí ìgbà tí èèyàn da iyọ̀ sílẹ̀. Nígbà kejì, mo po bẹ́kìn sódà mọ́ gọ́ọ̀mù funfun. Ó dára lọ́jọ́ tí mo ṣe é, àmọ́ kó tó pé oṣù mẹ́fà ó ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń fa sìgá. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká fi yìnyín sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé òun lẹ bèèrè, a ó sì dé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń da iṣẹ́ yín rú ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó mú agolo iyọ̀ dání. Ọjọ́ tí ẹ yàn ló kọ́kọ́ ṣì. Ọjọ́ 16 Dìsẹ́ńbà 1944 ni àwọn ará Jámánì kọ lu Ardennes, ẹrẹ̀ àti kùrukùru ló sì gba ilẹ̀ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Kùrukùru yẹn ni kò jẹ́ kí bàálù lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ títí di ọjọ́ 23, tí ojú ọ̀run là, tí wọ́n fi ráyè já ọta àti oògùn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n ká mọ́ Bastogne. Yìnyín tó nípọn tí ẹ ń rí nínú fọ́tò, ìparí Dìsẹ́ńbà wọ Jánúárì 1945 ló pọ̀ sí. Ìgbà yẹn náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà wá ń fi ẹfun kun ọkọ̀ wọn káàkiri. Ẹni tó mọ ìtàn ogun náà, tó bá rí Sherman funfun báláú ní Bastogne ní ọjọ́ 20 Dìsẹ́ńbà, orí ni yóò mì. Ọkọ̀ yín kò ṣòfò o. Ọjọ́ ni kí ẹ yí padà, bó bá sì ṣeé ṣe, kí ẹ yí ìlú náà pẹ̀lú.

Bó bá jẹ́ èmi ni, St. Vith ni n óò gbé ìran yìí lọ, ní ọjọ́ 23 Jánúárì 1945. Ìlú kékeré ni, ní ìlà-oòrùn Bẹ́ljíọ̀m, níbi tí ọ̀nà púpọ̀ àti ojú irin ti pàdé, ìdí nìyẹn tí tọ̀tún tòsì fi ń du ú. Ọjọ́ 17 Dìsẹ́ńbà ni 7th Armored Division, ikọ̀ ńlá ọlọ́kọ̀ ogun ti Amẹ́ríkà, débẹ̀, wọ́n sì di ìlú náà mú títí di alẹ́ ọjọ́ 21 kó tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 25 àti 26, bàálù Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì wá rọ̀jò bọ́ǹbù lé e kí àwọn ọmọ ogun Jámánì má baà rí ọ̀nà kọjá. Lọ́jọ́ kejì yẹn, bàálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan súnmọ́ 300. Ìlú náà di àlàpà. Yìnyín wá bo àlàpà náà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tó di ọjọ́ 23 Jánúárì, àwọn 7th Armored kan náà, tí Ọ̀gágun Bruce Clarke ṣáájú ikọ̀ wọn, padà wọ ìlú tí wọ́n ti lé wọn jáde. Sherman wọn ti gba ẹfun nígbà yẹn.

Ohun tó mú mi yan St. Vith fún ẹni tí yìnyín ń yọ lẹ́nu ni pé ìtàn ìlú náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ bí iṣẹ́ yóò ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ilé kọ́kọ́ wà. Bọ́ǹbù wó o. Yìnyín bo àwókù rẹ̀. Sójà àti ọkọ̀ tẹ yìnyín náà mọ́lẹ̀. Ọta tuntun wá fọ́n bíríkì àti yẹ̀pẹ̀ sórí yìnyín tí wọ́n ti tẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ́ ọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ yìí, tí ẹ kò fo ọ̀kankan, yìnyín yín á jókòó bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a ó parí ìran náà látòkè délẹ̀, a ó wá máa fọ́n funfun lé e lórí bí ẹni ń fi àtíkè para.

Ẹ wo bíríkì kan ṣoṣo. Bí òkìtì funfun rọ́bọ́tọ́ bá wà lórí rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ló hàn, ó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ Kérésìmesì. Bó bá jókòó sórí yìnyín, tí nǹkan kan ò bò ó, tó pọ́n kedere, tí eruku pupa sì fọ́n yí i ká, àárọ̀ òní ló jábọ́. Ẹni tó ń wò ó lè má lè ṣàlàyé rẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ á ti rí i.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ilé. Ẹ fi rúlà wọn ìnípọn ògiri yín. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Ardennes, ògiri ìta wọn sì lè nípọn tó ìdajì mítà. Ní 1/35, mílímítà 14 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ògiri tí mo ń rí nínú dáyórámà kò ju mílímítà 4 lọ, bí ẹ bá sì ti fọ́ ọ, ó ń rí bí páálí tó ya. Bí tiyín bá tín-ín-rín, ẹ lẹ fóòmù líle mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó fi nípọn, kí ẹ fi ojú òkúta tàbí bíríkì hàn níbi tó ti fọ́. Àjà kan sí èkejì, bíi mítà 3, jẹ́ mílímítà 86. Ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2 jẹ́ mílímítà 57. Ẹ fi sójà yín kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí orí rẹ̀ bá fẹ́ kan àtẹ́rígbà, ẹ ti mọ̀ pé nǹkan ti wọ́.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù nínú àlàpà ni pé ohun tí kò sí lókè mọ́ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ilé kì í pòórá. Bí ìdajì ògiri àti gbogbo òrùlé bá ti lọ, òkìtì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìdajì ògiri àti òrùlé kan. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi ni pé n óò da ògiri kejì pẹ̀lú POP tí mo ti po ọ̀dà mọ́ láti inú, ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú èyí tó dúró. Bó bá gbẹ, n óò fi aṣọ wé e, n óò fi òòlù fọ́ ọ. Àwọ̀ rẹ̀ á dọ́gba títí dé inú, gbogbo ègé tó yẹ kó wà nílẹ̀ á sì pé, kò ní jẹ́ àbùmọ́, kò ní dín. Ẹ fi igi àjà tó ti jóná sáàárín rẹ̀ kó dá bùú. Síléètì ni wọ́n fi ń bo òrùlé níbẹ̀. Ẹ gé páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí mílímítà 8 ní gígùn, 6 ní fífẹ̀, kí ẹ kun ún ní dúdú tó fẹ́ jọ eérú, kí ẹ sì fọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ rántí pé àwọn sójà tó ń kọ́ ọ̀nà máa ń ti òkìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọkọ̀ lè kọjá. Àárín títì kì í kún bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì ni èdè. Ìlú elédè Jámánì ni St. Vith. Abẹ́ Jámánì ló wà kí àdéhùn Versailles tó gbé e fún Bẹ́ljíọ̀m ní 1920, Jámánì sì tún gbà á padà ní 1940. Bí ẹ bá fẹ́ kọ nǹkan sára ògiri ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, Bäckerei ni kí ẹ kọ. Bí ẹ bá kọ Boulangerie, ẹ ti gbé ilé náà kúrò ní ìlú rẹ̀ nìyẹn.

Ojú títì kò ní gbà yín lásìkò. Ẹ má jẹ́ kó gba àárín pátákó kọjá ní gbọnrangandan. Ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, bíi díígírì 15, ìran náà á mí. Ẹ kọ́kọ́ fi fánííṣì kun pátákó náà tinú tẹ̀yìn, torí omi tó wà nínú yìnyín yín á mú kó ká kò bí kò bá ní ààbò. Òkúta ojú títì kọ̀ọ̀kan tó mílímítà 3. Ẹ má gé gbogbo rẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa gbà nìkan ni kí ẹ gé, torí ibẹ̀ nìkan ni yóò hàn. Kí gbogbo ìran náà ní ọ̀dà rẹ̀ pátápátá, ògiri, àlàpà, ojú ọ̀nà, kí ẹ tó ronú kan yìnyín. Ibi tí yìnyín máa bò gan-an náà, ẹ kun ún: yìnyín tó fẹ́lẹ́ máa ń jẹ́ kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ hàn, pàápàá létí.

Ó yá, yìnyín. Èyí tó ń rọra bọ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú ni mo ń wí, kì í ṣe èyí tó ń ró kókó lórí òrùlé. Ẹ fi ìṣirò wo iyọ̀ yín. Hóró iyọ̀ máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́ta mílímítà. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 35, ó lé ní sẹ̀ǹtímítà 1. Yìnyín tí hóró rẹ̀ tó èékánná ọwọ́ lẹ fọ́n sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojú fi kọ̀ ọ́. Iyọ̀ tún ń fa omi mọ́ra, ó sì ń mú kí ìṣó àti wáyà tó wà nínú iṣẹ́ dípẹtà. Ti bẹ́kìn sódà yàtọ̀. Ó kúnná dáadáa, ẹ̀tàn rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ kì í jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn tó bá gbẹ: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń bá a ṣiṣẹ́, òun náà ń bá gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà ṣiṣẹ́, àwọ̀ á yí díẹ̀díẹ̀, nígbà mìíràn á tún hu hóró tí ẹ kò fi sí i. Gọ́ọ̀mù funfun lásán tún ń pọ́n fúnra rẹ̀ bí oòrùn bá ń kàn án. Ẹ ti pa méjèèjì pọ̀.

Ohun tí mo ń lò ni lẹ́búlẹ́bú gíláàsì, àwọn bọ́ọ̀lù gíláàsì tí inú wọn ṣófo, tí wọ́n kéré débi pé bí ẹ̀tù ni wọ́n rí. Àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ ojú omi ń pò ó mọ́ résìn láti fi dí ihò. Òkúta mábù tí wọ́n lọ̀ kúnná náà dára, ó kàn wúwo jù ú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ìbòmú tó dára kí ẹ tó ṣí i. Gíláàsì ni, ó ń fò bí èéfín, kì í yọ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí rárá. Ẹ pa fáànù, ẹ ti ọmọdé mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹ fi aṣọ tútù nu tábìlì lẹ́yìn iṣẹ́ dípò kí ẹ gbá a. Tó bá ti wọ inú gọ́ọ̀mù tán, ewu rẹ̀ ti lọ.

Ìpò rẹ̀: ṣíbí mẹ́ta lẹ́búlẹ́bú, ṣíbí méjì fánííṣì ákírílìkì tí kì í dán, ṣíbí kan ọ̀dà ákírílìkì funfun, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ń lò, tí wọ́n fi titéníọ̀mù ṣe. Ákírílìkì yìí ló ń dáàbò bo funfun yín, torí kì í tètè pọ́n. Ẹ fi omi díẹ̀díẹ̀ sí i títí tí yóò fi dúró lórí ọ̀bẹ láìṣàn. Èmi kì í fi àwọ̀ búlúù sí i. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní òjìji yìnyín máa ń búlúù. Òótọ́ ni, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú yàrá yín á ṣe òjìji fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá kun ún, ó máa ń dà bí ògiri ilé ìwòsàn. Inú ojú ẹsẹ̀ ọkọ̀ nìkan, níbi tí yìnyín ti ki pọ̀ di omi dídì, ni mo ti ń fi eérú tó fẹ́ búlúù kàn án.

Ẹ má fi lẹ́búlẹ́bú yìí ṣe òkìtì. Ibi tó bá ga, fóòmù tàbí POP ni kí ẹ fi gbé e ga, kí ẹ kùn ún ní funfun, kí ẹ wá fi yìnyín bo ojú rẹ̀. Yìnyín tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 25 kò ju mílímítà 7 lọ ní òṣùwọ̀n yín, mílímítà 7 sì pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tẹ́ ẹ ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó gbẹ, kí ẹ tún tẹ́ òmíràn. Èyí tó bá nípọn lẹ́ẹ̀kan náà á sán. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí ìpele tó kẹ́yìn bá ṣì tutù, ẹ fi asẹ́ kékeré sẹ́ lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ lé e láti òkè, bí ìdajì apá sókè, kó rọra bọ́ bí yìnyín ṣe ń bọ́. Òun ló ń fún un ní ojú rírọ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè fún un.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ ẹ, ẹ pinnu ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ẹ lẹ téèpù kan sétí pátákó, kí ẹ ya ọfà sí i, kí ẹ má gbàgbé. Gbogbo òkìtì tí afẹ́fẹ́ gbá jọ gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, lára ògiri, lára àlàpà, lára òpó. Yìnyín kì í dúró lára ògiri tó gúnlẹ̀, àfi lójú fèrèsé, lórí òkúta tó yọrí, àti nínú àwọn ihò tí ọta dá sí i, ní ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ dojú kọ.

Ibì kan wà tí mo máa ń kọ́kọ́ wò nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn: inú ilé. Òrùlé ti lọ, yìnyín bo gbogbo títì, àmọ́ pákó inú yàrá gbẹ táútáú bí ẹni pé òjò kì í wọbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ilé yẹn ti ṣí sílẹ̀ sí ojú ọ̀run o. Yìnyín gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ yàrá, lórí bẹ́ẹ̀dì onírin, lórí àgánrándì ilẹ̀kùn tó dojú délẹ̀. Mo ti ṣe àtẹ̀gùn kan rí tó gun ògiri lọ sókè, sí àjà tí kò sí mọ́. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìrọ̀rí funfun tirẹ̀, tó nípọn létí ògiri, tó fẹ́lẹ́ níwájú. Níbi tí ègé òrùlé kan ṣẹ́kù lókè, ìpele mẹ́ta tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní yìnyín kankan, bébà ara ògiri ibẹ̀ ṣì ní òdòdó lára. Mi ò fi sójà kankan sínú ilé yẹn. Kò nílò ẹ̀.

Ẹ ti lè gbé ọkọ̀ sọ́kàn báyìí. Ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ Sherman, ẹ̀wọ̀n irin tó ń yí lábẹ́ rẹ̀ tó fi ń rìn, irú èyí tó wọ́pọ̀ jù, fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 42: mílímítà 12. Àsìkò ni gbogbo ohun tó wà nínú títẹ ojú ẹsẹ̀. Nígbà kan, mo gbé ọkọ̀ lé yìnyín tó ṣì rọ̀ kó lè jókòó dáadáa. Nígbà tí mo gbé e, yìnyín bá a dìde bí awọ, òkúta títì tí mo fi alẹ́ mẹ́ta gé sì bá yìnyín lọ. Ó dùn mí gan-an. Láti ìgbà náà, ìka ni mo fi ń dán an wò: bí yìnyín bá gba àmì ìka láìlẹ̀ mọ́ ọn, ó tó. Mo máa ń gé ègé ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú páálí ọkọ̀, n óò fi omi pa á lára, n óò tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, lókè sísàlẹ̀, láìwọ́ ọ. Ọkọ̀ gan-an kò ní kan ilẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi gbẹ. Sherman tó bí ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù. Lójú títì tó le, yóò tẹ yìnyín dé òkúta. Ẹ jẹ́ kí òkúta tí ẹ gé hàn ní ìsàlẹ̀ ojú ẹsẹ̀ náà, kí ẹ po yìnyín díẹ̀ mọ́ àwọ̀ ẹrẹ̀ àti fánííṣì tó ń dán, kí ẹ fi sí etí rẹ̀. Kó máa ti inú búráwùn bọ́ sí funfun láìsí ààlà kan tó ṣeé tọ́ka sí.

Fún ojú bàtà, ẹ gé ẹsẹ̀ sójà kan tí ẹ kò lò, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí igi ìtayín. Bàtà kan gùn ní bíi mílímítà 9, ìṣísẹ̀ kan bíi 20. Ẹ sì ronú bí èèyàn ṣe ń rìn nínú yìnyín: kò sẹ́ni tó fẹ́ la ọ̀nà tuntun bí ọ̀nà bá ti wà. Inú ojú ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń gbà, tàbí kí ọ̀kan máa tẹ ibi tí èkejì ti tẹ̀.

Ẹfun ara Sherman yín, ẹ ní látòkè délẹ̀ ni. Ìyẹn ló máa bá yìnyín yín jà. Yìnyín ló gbọ́dọ̀ funfun jù nínú ìran náà. Bí ọkọ̀ bá funfun bíi tirẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á dà bí irọ́. Ẹfun tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbágbá kùn nínú òtútù kì í dọ́gba, kì í sì í pẹ́ tó fi ń ṣí. Ẹ fi àwọ̀ ewéko tó ṣókùnkùn, ti Amẹ́ríkà, kun ọkọ̀ náà padà. Bó bá gbẹ, ẹ fọ́n sípíréè irun lé e lẹ́ẹ̀mejì, irú èyí tí wọ́n ń fín sórí irun kó má baà tú. Ẹ wá fi ákírílìkì funfun tí ẹ ti po eérú díẹ̀ mọ́ bò ó. Láàárín ìdajì wákàtí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ́kú, tí omi wà lára rẹ̀, máa fọ̀ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Sípíréè náà á yọ́ lábẹ́, ẹfun á sì máa ṣí ní ègé-ègé. Ẹ fọ̀ ọ́ púpọ̀ níbi tí bàtà àwọn atukọ̀ ń gbà gùn ún, létí ìlẹ̀kùn orí rẹ̀, àti níbi tí wọ́n so ẹrù mọ́. Yìnyín tòótọ́ lè wà níwájú ọkọ̀ àti lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà. Bó bá jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́, kò ní sí yìnyín níbẹ̀, omi ni kó wà.

Àwọn sójà mẹ́rin náà, ẹ wo ọwọ́ àti èjìká wọn kí ẹ tó lẹ̀ wọ́n. Ẹni tí òtútù ń mú máa ń ká èjìká sókè, ó ń fi ọwọ́ sápò, ó ń yí ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, ọfà tí ẹ lẹ̀ sétí pátákó á tún wúlò níbí. Aṣọ funfun ìfarapamọ́ kò kárí àwọn ará Amẹ́ríkà, nítorí náà ọ̀pọ̀ lo aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ní abúlé Hemroulle, nítòsí Bastogne, àwọn ará abúlé kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé wọn fún àwọn sójà, ọ̀gá ikọ̀ náà sì padà lọ ní 1948 láti fi aṣọ tuntun san án fún wọn. Ó wù mí kí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin yín wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ri bébà ìnujú sínú gọ́ọ̀mù tí ẹ fi omi là, kí ẹ dà á bò ó léjìká, kí ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ bí aránṣọ ṣe ń ṣẹ́tí. Kó má funfun bíi yìnyín. Aṣọ tí wọ́n ti sùn lé ni. Ẹ lu ihò kékeré sínú yìnyín fún wáyà ẹsẹ̀ wọn, kí bàtà rì, kí ẹ sì fi yìnyín díẹ̀ dí etí bàtà náà. Sójà tó dúró lórí yìnyín bí ẹni dúró lórí tábìlì ń ba gbogbo làálàá yìí jẹ́.

Omi dídì tó ń rọ̀ sétí òrùlé, ẹ ṣọ́ra fún un. Ohun tó gbóná tàbí oòrùn ló ń fà á, inú àlàpà yín sì tutù. Mẹ́rin márùn-ún létí ègé òrùlé tó kù ti tó, kí wọ́n má gùn dọ́gba. Ẹ fi iná yọ́ ọ̀pá oníke tó mọ́ gaara, kí ẹ fà á kó tín-ín-rín, kí ẹ gé e.

Èyí tó ti pọ́n, ẹ má jù ú nù. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin ín, gọ́ọ̀mù funfun á rọ̀, ẹ fi igi pẹlẹbẹ ha á kúrò dé ojú ọ̀dà. Ẹ nu ẹ̀ mọ́, kó gbẹ dáadáa fún ọjọ́ méjì, ẹ tún ibi tó bá ṣí kùn. Bí sódà kankan bá ṣẹ́kù lábẹ́, yóò tún yọjú, nítorí náà ẹ má kánjú níbẹ̀. Tí tuntun bá ti parí, kó wọ inú àpótí gíláàsì lọ́jọ́ náà gan-an, níbi tí oòrùn ò ti lè kàn án tààrà. Eruku tó bá bà lé ògiri á dà bí eruku ogun, èyí tó bá bà lé yìnyín kò ṣeé nù.

Kí ẹ tó dé àpótí náà, ohun kan ló kù láti fi sí i. Ẹ ti ní ègé bíríkì tó ṣẹ́kù nínú ògiri tí ẹ fọ́. Ẹ mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ fi ẹ̀mú kékeré gbé wọn sórí yìnyín nítòsí ihò tí ọta dá sí ògiri, kí ẹ fọ́n eruku pupa díẹ̀ sí ẹ̀yìn wọn ní ìhà tí wọ́n gbà fò wá. Kò gbọdọ̀ sí yìnyín kankan lórí wọn.